Ife Mélòó? Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ètò Òwò fún Ilé Kọfí ní Sábó

Ẹ wo onítíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sábó, yálà ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni o tàbí ti Ọ̀yọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò to agolo mílíìkì jọ bí ẹni mọ odi, yóò gbé omi kaná, yóò sì máa da tíì láti inú ife kan sí èkejì títí yóò fi yọ ìfóófòó. Àwọn Hausa ń pè é ní mai shayi, ìyẹn ẹni tó ń ta tíì. Kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé búrẹ́dì mélòó ló ń tà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò dá yín lóhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, ó mọ ìgbà tí ẹyin máa ń wọ́n, ó mọ alẹ́ tí kò yẹ kí ó ṣí mílíìkì púpọ̀. Inú orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí ilé kọfí, ẹ kò tíì ní irú orí bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iná ni onítíì fi kó o jọ. Èyí tí ẹ̀yin lè tètè ní ni ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní business plan. Ìwé ètò òwò la ó máa pè é níbí.

Kí ni ó wà nínú ìwé ètò òwò? Ìdáhùn sí ìbéèrè mélòó kan ni, tí a kọ sílẹ̀ kí owó tó jáde lápò: kí lẹ fẹ́ tà, ta ni yóò rà á, èló ni yóò ná yín, ife mélòó lẹ gbọ́dọ̀ tà kí ẹ má jẹ gbèsè, kí lẹ ó sì ṣe lọ́jọ́ tí ọjà bá kú. Télọ̀ kì í gbé sísọ́ọ̀sì kí ó tó wọn èèyàn. Ó mọ̀ pé aṣọ tí òun bá ti gé kò ní í lẹ̀ mọ́ra padà. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí onílé tó ń dá a padà nítorí pé ọjà kò tà.

Orúkọ Sábó fúnra rẹ̀ ti sọ díẹ̀ fún wa nípa àwọn tí yóò rà. Inú Sabon Gari ló ti wá, èdè Hausa tó túmọ̀ sí ìlú tuntun, orúkọ tí wọ́n fún adúgbò tí àwọn oníṣòwò òkè ọya tẹ̀dó sí nínú àwọn ìlú wa. Àlejò, awakọ̀ àti ọlọ́jà kì í wọ́n níbẹ̀, àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í sì í tètè sùn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kún un, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Ní Ọ̀yọ́, ẹ ní Ajayi Crowther University. Ògbómọ̀ṣọ́ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ orúkọ bí ẹ bá ti ń kà á lọ.

Kíkà lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bíírò, ẹ lọ jókòó sítòsí ibi tí ẹ fẹ́ gbà. Ẹ jókòó láàárọ̀, ẹ jókòó lọ́sàn-án, ẹ jókòó lálẹ́. Gbogbo ẹni tó bá kọjá, ẹ fa ìlà kan. Ẹni tó bá dúró ra nǹkan mímu, ẹ fa ìlà tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó rà síwájú rẹ̀, nítorí omi inú ọ̀rá kì í ṣe kọfí. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí àwọn èèyàn bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ọ̀rẹ́ yín yóò sọ fún yín pé, “Ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu, èèyàn máa ń pọ̀ níbẹ̀ gan-an.” Gan-an kì í ṣe iye. Kò sí bí a ṣe lè fi gan-an san owó ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn kíkà ni ọ̀rọ̀ kọfí fúnra rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ nínú ìwé yín. Èkíní ni èyí tí a ń da omi gbígbóná lé lórí tí ó sì ń yọ́ pátápátá, irú Nescafé tí ilé iṣẹ́ Nestlé gbé jáde ní 1938. Ẹ jẹ́ ká pè é ní kọfí àpòmu. Gíráàmù méjì péré ti tó ife kan. Òun ni onítíì ń lò, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èkejì ni kọfí àsẹ́: hóró kọfí tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀, tí a wá da omi gbígbóná sí, tí a sì sẹ́ ẹ kúrò lára ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí ti mọ iṣẹ́ náà. Omi rẹ̀ là ń mu, èérí rẹ̀ là ń dà nù.

Kọfí àsẹ́ kò jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò. Ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ ìwádìí tí a mọ̀ sí CRIN wà láti 1964. Kòkó lorúkọ wọn ń pè, ṣùgbọ́n kọfí, obì, kajú àti tíì wà lára iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń gbin kọfí ní agbègbè Kàbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wọ́n sì ń gbìn ín lórí òkè Mambilla ní Tàràbà, níbi tí òtútù wà. Ẹ ó máa gbọ́ orúkọ méjì. Arabica fẹ́ràn òkè àti òtútù, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Robusta máa ń ṣe dáadáa nílẹ̀ tó rẹlẹ̀, ó korò jù ú lọ, ó sì ní èròjà tó ń lé oorun jù ú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò lọ́la lè má bìkítà pé ó korò.

Ìwọ̀n rẹ̀ rèé. Ife kọfí àsẹ́ kan ń gba nǹkan bí gíráàmù 15. Bí a bá fi gíráàmù 15 pín kílò kan, ife 66 ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ 60. Mẹ́fà yòókù á dànù, tàbí kí ẹ tọ́ ọ wò, tàbí kí àbúrò yín wá kí yín.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi agbára ti omi gba inú kọfí kọjá, tí a ń rí nínú fíìmù, ń jẹ iná bí ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn sọ ní I-better-pass-my-neighbour kò lè gbé e. Bí NEPA bá sì mú iná lọ ní agogo méje alẹ́, ọjà alẹ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Ìkòkò kékeré tí a ń gbé ka orí gáàsì àti asẹ́ tó dára ti tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ra ẹ̀rọ tó ń lo iná kankan títí ọdún kan yóò fi pé, yàtọ̀ sí gílóòbù àti ibi tí wọ́n ti ń gba iná sínú fóònù.

Ibi gbígba iná sínú fóònù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí kì í ṣe kọfí nìkan ló ń mú èèyàn wá sí ilé kọfí. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1680, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Lloyd ṣí ilé kọfí. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò ló máa ń wá síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìròyìn ọkọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ dé. Láti orí tábìlì wọn ni ọjà ìbánigbófò tó ń jẹ́ Lloyd’s títí dòní ti ṣẹ̀. Kọfí Lloyd lè dùn, ó lè má dùn. Ohun tí wọ́n ń rà ni ìjókòó àti ìròyìn. Ní Sábó, onítíì ti ń ta ohun mímu, ẹ kò lè tà á lówó pọ́ọ́kú jù ú lọ, kò sì yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kò ní ni ẹ ó tà: òrùlé nígbà òjò, tábìlì tó gba ìwé, iná tí kò ṣẹ́jú, ibi tí obìnrin lè dá jókòó láìsí ẹni tí yóò dà á láàmú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ó bá ju gbólóhùn kan lọ, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ ń tà.

Ó wá ku owó, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ.

Owó ìnáwó pín sí méjì. Èkíní ni owó tí ẹ ó san bí ẹnì kan kò tilẹ̀ wọlé: owó ṣọ́ọ̀bù, owó òṣìṣẹ́, owó omi. Owó àìyẹ̀ la ó máa pè é. Èkejì ni owó tó ń bá ife rìn: kọfí, mílíìkì, ṣúgà, ife oníbébà. Bí ẹ kò bá ta ife náà, ẹ kò ná an. Owó inú ife la ó máa pè é. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ sí ojú ewé kan. Ó dà bí ẹni da epo mọ́ kẹrosíìnì.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe iye ọjà; ẹ ó lọ bèèrè tiyín. Ká sọ pé owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 360,000 náírà lọ́dún. Ẹ pín in sí oṣù 12, ó di 30,000 lóṣù. Òṣìṣẹ́ méjì, 100,000. Gáàsì àti epo jẹnẹrétọ̀, 60,000. Omi, ilẹ̀ gbígbá àti owó ìjọba ìbílẹ̀, 20,000. Dátà, 15,000. Owó tí ẹ ń yà sọ́tọ̀ nítorí pé àga ń kán, ife sì ń fọ́, 25,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 250,000 náírà lóṣù. Owó àìyẹ̀ nìyẹn.

Ó ku ife. Ká sọ pé kílò kọfí kan jẹ́ 12,000. A ti ní ife 60 ló ń mú wá, nítorí náà kọfí inú ife kan jẹ́ 200 náírà. Mílíìkì, ṣúgà àti ife oníbébà, 150. Owó inú ife jẹ́ 350. Ẹ tà á ní 700. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín lórí ife kan ni 350. Ẹ má tíì pè é ní èrè, nítorí owó àìyẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá fi 350 pín 250,000. Ife 715 ni. Bí ẹ bá ń ṣí fún ọjọ́ 26 lóṣù, ife 28 ni lójoojúmọ́. Ibi yìí ni òyìnbó ń pè ní break-even. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú ìdọ́gba. Lójú ìdọ́gba ẹ kò jèrè, ẹ kò sì pàdánù. Ife mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún un wò. Mo ti fò nǹkan kan, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń fò ó: ẹ̀yin fúnra yín kò tíì gba owó oṣù. Bí ẹ bá fẹ́ gba 100,000, owó àìyẹ̀ di 350,000, ife di 1,000 lóṣù, ìyẹn 39 lóòjọ́. Ẹ mú ìwé tí ẹ fa ìlà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì jáde wàyí. Ṣé àwọn tó dúró ra nǹkan mímu gbígbóná ní gbogbo ìtòsí yẹn tilẹ̀ tó 39? Bí wọn kò bá tó, ẹ ti fi bíírò kan ṣoṣo gba ara yín lọ́wọ́ àdánù ọdún kan.

Láti ìsinsìnyí lọ, ohun gbogbo tí wọ́n bá dábàá fún yín, ẹ sọ ọ́ di ife. Onílé fi 60,000 kún owó ọdún: 5,000 ni lóṣù, ife 15. Ẹ fẹ́ yá mílíọ̀nù kan náírà, èlé rẹ̀ sì jẹ́ náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù: 30,000 ni, ife 86, ẹ kò sì tíì san kọ́bọ̀ nínú ojú owó. Ẹnì kan ní kí ẹ ra tẹlifíṣọ̀n ńlá nítorí bọ́ọ̀lù. Ó lè mówó wọlé, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó fi ife sọ ọ́ fún yín.

Iye owó kì í sì í dúró sójú kan. Ní 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wọ́n sì jẹ́ kí náírà máa wá ìpele ara rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó ń ra mílíìkì agolo lọ́dún yẹn kò nílò ìtàn. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí owó inú ife bá fi 100 péré lé sí i tí ẹ kò sì lè fi nǹkan kan kún iye tí ẹ ń tà á, 250 ló kù lórí ife. Ojú ìdọ́gba yóò fò láti ife 28 sí 39 lóòjọ́, láìka owó oṣù tiyín mọ́ ọn. Ẹ kọ ojú ewé kan fún èyí, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ó tà á nígbà náà sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ojú ewé kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀sán kan ṣe: ojú ewé oṣù burúkú. Ní 2016, àwọn òṣìṣẹ́ LAUTECH daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà, ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù títí wọ inú 2017. Ní oṣù kẹta 2020, kòrónà tún ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ìdajì oníbàárà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka irú oṣù bẹ́ẹ̀ mọ́ oṣù rẹ̀. Ẹ fi ìdajì ṣírò: ife 14 lóòjọ́ fún ọjọ́ 26, ife 364, èyí tó fi 127,400 náírà sílẹ̀. Owó àìyẹ̀ ṣì jẹ́ 250,000. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 122,600 lóṣù. Oṣù mẹ́ta, 367,800. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ yín kò ti ní í tètè kàn án. Ẹni tí kò bá ní in, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni kí ó gbà.

Kì í ṣe gbogbo oṣù tó lọ sílẹ̀ ló burú. Nígbà ààwẹ̀ Ràmádánì, ọ̀sán Sábó á dákẹ́, ṣùgbọ́n àsìkò ìṣínu àti sààrì ń bẹ. Onítíì mọ̀ ọ́n, ó máa ń yí àsìkò rẹ̀ padà. Ọyẹ́ náà, ìgbà ohun gbígbóná ni. Ẹ kọ oṣù méjìlá sílẹ̀, kí ẹ sì fi iye ife tiwọn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti òfin, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ẹ lọ bèèrè owó tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ń gbà lórí ṣọ́ọ̀bù. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sábó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Wolé-wolé yóò wá wo ibi tí ẹ ti ń fọ ife, yóò sì fẹ́ rí àbájáde àyẹ̀wò ara àwọn tó ń fọwọ́ kan ohun jíjẹ. Bí ẹ bá ń di kọfí sínú àpò tó ní orúkọ yín lára, tí ẹ sì ń tà á káàkiri, ọ̀rọ̀ ti kan NAFDAC nìyẹn.

Níbo ni ojú owó yóò ti wá? Àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lèmi á kọ́kọ́ yà sí, nítorí wọ́n mọ̀ yín, èlé wọn kì í sì í gbóná. Owó yíyá tí àwọn obìnrin ọjà ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní gbọ́mú-lé-lántà, tí ẹ ó máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ife àkọ́kọ́ tó tutù, ẹ jìnnà sí i nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀. Tony Elumelu Foundation ń fún àwọn oníṣòwò tí wọ́n bá yàn ní 5,000 dọ́là láti 2015, owó tí a kì í dá padà, wọ́n sì ń bèèrè ètò òwò lọ́wọ́ ẹni.

Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìdíje ìwé ètò òwò kan tó ń jẹ́ YouWiN. Àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ sún mọ́ 24,000. Àwọn 1,200 ló gba owó. David McKenzie ti Báǹkì Àgbáyé tẹ̀lé wọn fún ọdún mélòó kan. Owó náà ṣiṣẹ́: òwò àwọn tó gbà á dúró, wọ́n sì gba òṣìṣẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti Dario Sansone yẹ máàkì tí àwọn adájọ́ fún ìwé kọ̀ọ̀kan wò, máàkì náà kò lè sọ èwo nínú àwọn tó gba owó ni yóò ṣe dáadáa jù. Ìwé tó dùn ún kà kò yàtọ̀ sí èyí tí kò dùn ún kà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi owó gba ẹnikẹ́ni láti bá yín kọ ọ́. Ìwé tó ṣe ojú ewé 40, tó kún fún àwòrán, tí ẹlòmíì kọ, kò ní í bá yín jókòó nígbà tí kílò kọfí bá gbówó lórí. Ojú ewé mẹ́fà tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ tó: ohun tí ẹ ń tà, àwọn tí ẹ kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, owó àìyẹ̀ àti owó inú ife, ojú ìdọ́gba, oṣù burúkú, àti owó ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ fún ara yín, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí báǹkì bá bèèrè rẹ̀, ẹ tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi àkópọ̀ rẹ̀ síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkópọ̀ yẹn ni ẹ ó kọ kẹ́yìn.

Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ ìlà fífà yín lálẹ́ òní, iná onítíì á ti tàn. Kí ẹ sì ra ife tíì kan o. Ẹ má kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.